Nínú Àpótí Wo Ni Ìwé Ìrìbọmi Yín Wà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé ìdílé lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti oúnjẹ ọmọ, kì í sì í ṣe ti ìjà tọkọtaya. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, àti ti àpótí tí ìwé ń gbé. Ẹlòmíràn yóò wí pé: "Kí ni ti ilé tèmi nínú èyí? Iṣẹ́ Àlùfáà àti akọ̀wé rẹ̀ ni." Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí á jọ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe ìrìbọmi ní Kétu ní ọdún 1996. Ó dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ó rí ọkọ níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mímọ́. Àlùfáà Kútọnu yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ti wà nínú àpò ìyá rẹ̀ láti ìgbà náà ni yóò béèrè, bí kò ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ jáde láti inú ìwé ńlá ní Kétu. Ìdí rẹ̀ ni pé etí ojú ewé ìwé ńlá náà ni a ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí onígbàgbọ́ lẹ́yìn ìrìbọmi sí: ọjọ́ tó gba Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tó gbéyàwó, tàbí ọjọ́ tí a fi jẹ àlùfáà. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ti ní ọkọ tàbí aya níbòmíràn.

Bí a kò bá wá rí ìwé ńlá ọdún 1996 náà ńkọ́? A ó máa sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú. A ó máa wá ẹlẹ́rìí kiri: bàbá ìrìbọmi, ìyá ìrìbọmi, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá ṣì wà láyé. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà lè wà nínú yàrá tó tẹ̀lé búrò, nínú páálí kan, lábẹ́ páálí mẹ́ta mìíràn. Kò sọnù. A kàn mọ̀ pé ó wà, a kò mọ ibi tó wà. Ìwé tí a kò mọ ibi tó wà kò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù lójú ẹni tó nílò rẹ̀.

Ìwé Mímọ́ mọ ìṣòro yìí. Ní orí kejì Ìwé Ẹ́sírà, nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ìgbèkùn Bábílónì dé, àwọn ìdílé kan nínú àwọn àlùfáà wá orúkọ wọn nínú ìwé ìran, wọn kò rí i, a sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Orúkọ tí a kò rí nínú ìwé ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odindi ìdílé.

OHUN TÍ ÌJỌ PA LÁṢẸ

Láti ìgbà Ìpàdé Ńlá ti Trento, ní ọdún 1563, ni Ìjọ ti pàṣẹ pé kí àlùfáà páríìṣì máa kọ orúkọ àwọn tó bá gbéyàwó àti ti àwọn ẹlẹ́rìí wọn sínú ìwé kan, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1614, ìwé ètò ìsìn tí Póòpù Paulu Karùn-ún gbé jáde fi hàn bí a ó ti máa kọ ìwé márùn-ún: ti ìrìbọmi, ti gbígba Ẹ̀mí Mímọ́, ti ìgbéyàwó, ti òkú, àti èyí tí a ń kọ àwọn ìdílé páríìṣì sí.

Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 tún un sọ nínú òfin 535. Ó ní kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan ní ibi ìpamọ́ ìwé, kí Bíṣọ́ọ̀bù tàbí aṣojú rẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà àbẹ̀wò, kí a sì tọ́jú àwọn ògbólógbòó ìwé dáradára. Òfin 491 ló wá kan ọ̀rọ̀ wa òní gan-an. Ó ní kí a ṣe ìwé àkójọ ohun gbogbo tó wà ní ibi ìpamọ́ náà ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà níbẹ̀, kí èkejì wà lọ́dọ̀ Díósíìsì. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1997, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọ ní Róòmù kọ lẹ́tà lórí ọ̀ràn yìí kan náà, ó sì fi hàn pé títọ́jú ìwé jẹ́ ara iṣẹ́ àbójútó agbo Ọlọ́run.

Wòlíì Jeremíà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Nígbà tó ra oko Ánátótì, ẹ̀dà ìwé méjì ló wà, ọ̀kan tí a fi èdìdì dì àti ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó ní kí Bárúkù kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Ẹ̀dà méjì àti àpótí tó dára: ìyẹn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà títí di òní.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ WA

Àwọn àgbà ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Ní Kétu, Bàbá Ẹlẹ́gùn ni oyè ẹni tó mọ ìtàn ìlú sórí, tó sì ń kà á jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ. Ìdílé kan ló ni oyè náà, wọ́n sì gbà pé àṣìsọ níbẹ̀ ní ìyà tirẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìrántí kì í tọ́jú ara rẹ̀. Ẹnìkan ni yóò tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ìwé dé, Kétu kan náà ló bí Àlùfáà Thomas Moulero, ẹni tí a fi jẹ àlùfáà ní ọdún 1928, òun sì ni ọmọ Dàhòmè àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Ó kọ ìtàn Kétu sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú La Reconnaissance africaine, ìwé ìròyìn tí Àlùfáà Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, èyíinì ni Porto-Novo, ní ọdún 1925. Àlùfáà Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ SMA, tó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1861, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ọdún 1997 ni a tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn ní Párísì, ọdún 136 lẹ́yìn tó dé. Bí kò bá sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀, tó sì mọ ibi tó wà, kí ni à bá tẹ̀?

Ohun tó wà ní páríìṣì kì í ṣe ìwé ìrìbọmi nìkan. Ìwé ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀ tí a kọ́ ilé Ọlọ́run, ilé àlùfáà àti itẹ́ òkú sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sì mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti le tó lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti jáde. Ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kì í tólẹ̀ níwájú adájọ́. Ìwé àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìjọ, tí ìjọba gbà ní àwọn ọdún 1970, lè wà níbẹ̀ náà, ẹni tó kàwé níbẹ̀ sì lè wá béèrè ẹ̀rí lọ́la.

IBI TÍ ÌDÀÀMÚ TI Ń WÁ

Ní ọ̀pọ̀ páríìṣì, orí ènìyàn kan ni ìwé àkójọ wà: orí katikíìsì àgbà, tàbí orí akọ̀wé tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Bí a bá béèrè ìwé kan, yóò dìde, yóò na ọwọ́, yóò sì mú un wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè é, àpótí 60 á di àpótí tí ẹnikẹ́ni kò mọ inú wọn mọ́.

Níbòmíràn, a ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àkójọ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Akọ̀wé ní tirẹ̀ nínú kájọ, ọ̀dọ́ kan ní tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, Àlùfáà tó ti lọ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ nínú clé USB. Ọ̀kan ní ìwé ọdún 1996 wà nínú àpótí 12, èkejì ní 21 ni. Èwo ni kí a gbà gbọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wúlò nìyí: kì í ṣe pé ó mọ̀wé jù wá lọ, bí kò ṣe pé ó lè jẹ́ kí ìwé àkójọ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí ọwọ́ púpọ̀ sì jọ máa ṣiṣẹ́ sí i.

KÍ A TÓ TAN KỌ̀ǸPÚTÀ

Kọ̀ǹpútà kì í to yàrá. Ọwọ́ wa ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Àkọ́kọ́, kí a wá yàrá tí òjò kì í wọ̀. Kí pẹpẹ má ṣe kan ògiri, kí ìpele ìsàlẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀ tó 15 sẹ̀ntímítà, nítorí ikán àti omi. Kí a yọ pínnì tó ti dípẹtà kúrò lára ìwé. Àpótí páálí tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wa ń lò sábà máa ń fẹ̀ tó 10 sẹ̀ntímítà, nítorí náà 10 wọn ni yóò gba mítà kan. Ẹ fi okùn wọn ìwé tí ẹ ní, ẹ ó mọ iye àpótí tí ẹ ó rà.

Èkejì, kí a fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà: 0001, 0002, títí lọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ti àpótí yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi ibi tó ń gbé sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá pe àpótí kan ní "Yàrá A, pẹpẹ 2", tí ẹ wá gbé e lọ sí yàrá B lọ́la, orúkọ rẹ̀ ti di irọ́ nìyẹn. Nọ́mbà kò gbọ́dọ̀ yí padà láéláé. Ibi tó wà ni ó lè yí padà, ìyẹn sì ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé àkójọ. Bí àpótí kan bá jóná tàbí tó bàjẹ́, a kò gbọ́dọ̀ fi nọ́mbà rẹ̀ fún òmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣí àpótí kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fáìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní dossier, yóò ní nọ́mbà tirẹ̀ lẹ́yìn ti àpótí: 0047/1, 0047/2. Pẹ́ńsùlù ni kí a fi kọ ọ́, kì í ṣe báírò.

ÌYÁ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní database dà bí àká àgbàdo tí a pín sí yàrá yàrá. Tiwa yóò ní yàrá mẹ́ta.

Yàrá kìíní ni ti àpótí: nọ́mbà rẹ̀, ibi tó wà báyìí, àti bí ara rẹ̀ ti rí. Yàrá kejì ni ti fáìlì àti ìwé ńlá: àkọlé rẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, èdè tí a fi kọ ọ́, àti nọ́mbà àpótí tó ń gbé e. Yàrá kẹta ni ti ìrìn: ta ni ó mú ìwé jáde, lọ́jọ́ wo, nítorí kí ni, àti ọjọ́ tó dá a padà.

Ohun tó so yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni nọ́mbà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ ìyá rẹ̀. Bí a bá gbé àpótí 0047 láti yàrá A lọ sí yàrá B, a ó yí ọ̀rọ̀ ìyá padà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ tó wà nínú rẹ̀ á sì ti bá a lọ. Nínú kájọ, a ní láti wá orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí a sì tún un kọ. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan, ó sọnù nìyẹn.

Bí iṣẹ́ yìí bá parí, tí ìwé bá ti Kútọnu dé lórí ọ̀dọ́mọbìnrin wa yẹn, akọ̀wé yóò tẹ "ìrìbọmi" àti "1996", ìdáhùn yóò sì jáde: àpótí 0047, ìwé kejì, yàrá A, pẹpẹ 2, ìpele 3. Yóò rìn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

BÍ A Ó ṢE JỌ LÒ Ó

Kò di dandan kí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Kọ̀ǹpútà kan nínú búrò yóò gbé àká náà dání, àwọn yòókù nínú ọgbà ilé àlùfáà yóò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa wáyà tàbí wifi. Gbogbo wọn ń wo ohun kan náà. Oníkálukú yóò ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀: àwọn kan lè wò nìkan, àwọn kan lè kọ, ẹni kan tàbí méjì ló lè yí ètò rẹ̀ padà. Bí a bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, àká náà yóò máa fi hàn ẹni tó kọ ohun kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a lè lò kò ní láti gbówó lórí. Páríìṣì kékeré lè fi tábìlì LibreOffice bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, bí ẹnìkan ṣoṣo bá ń kọ ọ́. Bí ọwọ́ bá ti pọ̀, AtoM wà. Ilé iṣẹ́ Artefactual ní Kánádà ló ṣe é pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Àgbáyé fún Ibi Ìpamọ́ Ìwé, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 2008. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó gbọ́ Faransé, ó sì ní àyè fún nọ́mbà àpótí àti ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi tábìlì bẹ̀rẹ̀, kí a to ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí AtoM lè gba ohun tó wà nínú tábìlì wọlé bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀RỌ̀ ORÚKỌ

Níbi yìí ni ọmọ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Akọ̀wé tó kọ́ Faransé gbọ́ Adéṣínà, ó kọ Adechina. Ó gbọ́ Ìṣọ̀lá, ó kọ Ichola. Ìwé àtijọ́, ṣáájú Ìpàdé Ńlá Vatican Kejì (1962 sí 1965), sábà máa ń wà ní èdè Látìnì, nítorí náà Josephus ni Yosẹfu wa níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́n: bí ẹ bá tẹ Adéṣínà, ó lè má mọ̀ pé Adechina ni ẹ ń wá.

Ohun tó dára ni kí a fún orúkọ ní àyè méjì. Nínú èkíní, kí a kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé, láì yí lẹ́tà kan padà, nítorí ẹ̀rí ni. Nínú èkejì, kí a kọ ọ́ bí àwa ti ń kọ ọ́ lónìí, kí a lè rí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni "tún" orúkọ inú ìwé ńlá "ṣe" nítorí kọ̀ǹpútà.

ÀṢÍRÍ ÀTI ÀÀBÒ

Kí gbogbo ènìyàn jọ lò ó kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn rí ohun gbogbo. Òfin Ìjọ fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé tó kan ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí kò ní orúkọ baba nínú ìwé. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin tí a ń pè ní Code du numérique, ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Tógò, òfin ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni. Nítorí náà, kí àká wa sọ ibi tí ìwé wà. Kí ó má ṣe tú ohun tó wà nínú ìwé síta.

Iná mànàmáná máa ń lọ, ẹ̀rọ máa ń kú. Kí ẹ̀dà àká náà jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan má ṣe sí nínú ọgbà wa rárá. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a tẹ ìwé àkójọ jáde sórí bébà, kí Àlùfáà fi ọwọ́ sí i, kí a fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Díósíìsì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná jó ilé ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town, níbi tí ìwé púpọ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà wà. Bí irú rẹ̀ bá dé bá ẹni tí ìwé àkójọ rẹ̀ wà nínú yàrá tó jóná, kò ní mọ ohun tó pàdánù pàápàá.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Ẹ̀yin ìdílé, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀ yín fún.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀: ọjọ́ àti ibi tó ti ṣe ìrìbọmi, orúkọ bàbá àti ìyá ìrìbọmi, Àlùfáà tó ṣe é, àti nọ́mbà tó wà lórí ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá fi èyí wá sí búrò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ yóò gbà dípò ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má ṣe fi ike lẹ ìwé ẹ̀rí pa sínú ooru iná. Kò ṣe é yọ mọ́, ó sì ń ba ìwé jẹ́. Àpò ike tó ṣí lẹ́nu tó.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn àwòrán àtijọ́ nígbà tí ìyá àgbà ṣì wà láti sọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Bí ìwé páríìṣì bá wà nílé yín, bóyá nítorí pé bàbá yín jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí katikíìsì, ẹ dá a padà. A kò ní béèrè ìdí tó fi pẹ́. A ó fún un ní nọ́mbà, a ó sì kọ orúkọ bàbá yín sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ yín wà níhìn-ín. Ẹ̀yin àgbà tó mọ ẹni tó ń jẹ́ kí ni ní ọdún 1960, tiyín wà níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ ọ̀dọ́ láìsí ìrántí àgbà yóò to àpótí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n yọ̀ nítorí pé a ti kọ orúkọ wọn sí ọ̀run. Ìwé ti ọ̀run kì í sọnù, ikán kì í jẹ ẹ́, òjò kì í pa á. Ti ayé ni Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ wa. Kí ó fún wa ní ọwọ́ tó mọ́ àti sùúrù láti tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Àmín.